Iyèméjì àti Ìdáàbòbò Làákàyè: Àgbéyẹ̀wò Títètè Kíyè sí Àìsàn Ọpọlọ lára Ọ̀dọ́ ní Ojú Òfin Ìsìláàmù, pẹ̀lú Àpẹẹrẹ láti Sibang ní Libreville

Ìfáárà

Ìbéèrè kan ni àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ gbé yẹ̀ wò. Bí a bá rí àmì lára ọ̀dọ́ kan pé ó ṣeé ṣe kí àìsàn ọpọlọ kọ lù ú lọ́jọ́ iwájú, ṣùgbọ́n tí àìsàn náà kò tíì dé, tí ó sì ṣeé ṣe kí ó má dé rárá, kí ni ojúṣe wa sí i? Ṣé kí á sọ̀rọ̀ ni tàbí kí á dákẹ́? Ṣé kí á tọ́jú rẹ̀ bí aláìsàn ni tàbí kí á fi í sílẹ̀ bí ẹni tí ara rẹ̀ le? Àìsàn tí à ń sọ níhìn-ín ni èyí tí ó máa ń da ojú ayé rú mọ́ ènìyàn lójú: olúwarẹ̀ a máa gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, a máa gbà láìsí iyèméjì pé wọ́n ń lépa òun, ọ̀rọ̀ rẹ̀ a sì máa fọ́nká. Wèrè tàbí ìsínwín ni àwọn baba wa ń pè é. Wọ́n tún sọ pé wèrè dùn ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Ìbẹ̀rù tó wà nínú òwe yìí ni kì í jẹ́ kí òbí sọ̀rọ̀ jáde nígbà tí ọ̀ràn ṣì kéré, òun kan náà ni ó sì máa ń mú kí ará àdúgbò sọ ju bí ó ti yẹ lọ nígbà tí wọ́n bá gbọ́.

Àdúgbò Sibang ní Libreville, olú-ìlú Gàbọ̀n, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ nítorí ọgbà igi tó wà níbẹ̀, ni a fi ṣe àpẹẹrẹ. Ó ti pẹ́ tí àwọn Yorùbá láti Nàìjíríà àti láti Benin ti ń ṣòwò ní Libreville. Àjò náà ní èrè, ó sì ní ẹ̀rù. Ní oṣù Keje ọdún 1978, Ààrẹ Omar Bongo, ẹni tí ó ti gba Ìsìláàmù ní 1973, pàṣẹ pé kí wọ́n lé àwọn ọmọ Benin kúrò ní orílẹ̀-èdè náà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó sì palẹ̀ ẹrù mọ́ láìròtẹ́lẹ̀. Àwọn ọmọ tí a bí sí irú àjò bẹ́ẹ̀ ń sọ Faransé ní ilé-ìwé, wọ́n ń gbọ́ Yorùbá lẹ́nu òbí, wọ́n sì ń ka Lárúbáwá ní ilé kéú.

Ẹ jẹ́ kí á gbé ọ̀ràn kan kalẹ̀, èyí tí kì í ṣe ìtàn ẹnìkan pàtó. Ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́tàdínlógún kan ní Sibang, tí ó ń ṣe dáadáa ní ilé-ìwé tẹ́lẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í yẹra fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Kì í fi bẹ́ẹ̀ sùn lóru mọ́. Ó ní nígbà mìíràn ó máa ń dà bíi pé ẹnìkan pe orúkọ òun, ṣùgbọ́n kò dá òun lójú. Ó ní ó ń ṣe òun bíi pé àwọn èrò ọkọ̀ ń sọ̀rọ̀ òun. Ìyá rẹ̀ mú un wá bá lémọ́ọ̀mù lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ó ní, “Ààfáà, ẹ bá mi wo ọmọ yìí, ìṣe rẹ̀ kò yé mi mọ́.” Kí ni kí lémọ́ọ̀mù ṣe?

Ohun tí Ìmọ̀ Ìṣègùn Fi Hàn

Láti àárín àwọn ọdún 1990 ni àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní Melbourne ní Austrélíà, tí Patrick McGorry ṣíwájú wọn, ti ní ilé ìtọ́jú fún àwọn ọ̀dọ́ tí àmì wà lára wọn ṣùgbọ́n tí àìsàn kò tíì dé. Ohun tí wọ́n ṣàkíyèsí ni pé àìsàn yìí kì í sábà já lu ènìyàn lójijì. Díẹ̀díẹ̀ ni ó máa ń rìn bọ̀, fún ọ̀pọ̀ oṣù tàbí ọdún, pàápàá láàrin ìgbà ọ̀dọ́langba àti ìgbà tí ènìyàn ń sún mọ́ ọgbọ̀n ọdún. Àìsùn, ìfura, yíya ara ẹni sọ́tọ̀, ìfàsẹ́yìn nínú ẹ̀kọ́, àti gbígbọ́ tàbí rírí ohun kan fìrí tí olúwarẹ̀ fúnra rẹ̀ ṣì ń ṣiyèméjì lé lórí, wọ̀nyí ni àmì tí wọ́n ń wò. Iyèméjì ọ̀dọ́ náà ṣe pàtàkì. Ẹni tí ó ṣì lè bi ara rẹ̀ pé ṣé òótọ́ ni mo gbọ́ ọ, ó ṣì di làákàyè rẹ̀ mú.

Àwọn ohun kan wà tí ń fi kún ewu náà. Èkíní ni kí irú àìsàn bẹ́ẹ̀ ti wà nínú ìdílé. Èkejì ni igbó mímu. Nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí àwọn ọ̀dọ́kùnrin 45,570 tí wọ́n gbà sí iṣẹ́ ológun ní Sweden, èyí tí àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 1987, àwọn tí ó ti mu igbó ju ìgbà àádọ́ta lọ ní ewu tó ìlọ́po mẹ́fà ti àwọn tí kò mu ún rí. Ní Libreville, òògùn tramadol tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní kobolo jẹ́ wàhálà mìíràn fún ọpọlọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orí igbó ni ẹ̀rí pọ̀ sí jù nínú ọ̀rọ̀ àìsàn yìí. Ẹ̀kẹta ni àjò fúnra rẹ̀. Ní 1932 ni Ødegaard ti kọ̀wé pé àìsàn ọpọlọ pọ̀ láàrin àwọn ará Norway tí wọ́n ṣí lọ sí Minnesota ní Amẹ́ríkà ju ti àwọn tí ó kù sílé lọ. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù, Nottingham àti Bristol, tí àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2006, rí i pé ó tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin láàrin àwọn ọmọ Áfíríkà ju ti àwọn aláwọ̀ funfun ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ewu náà kò sì yọ àwọn ọmọ tí a bí sí àjò sílẹ̀. A kò lè gbé ìwọ̀n Lọ́ńdọ̀nù ka Libreville, ṣùgbọ́n ó tó láti mú kí àwọn tí ń darí Mùsùlùmí ní àjò la ojú wọn.

Síbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kejì ọ̀rọ̀ náà wà. Nínú àwọn ọ̀dọ́ tí àwọn oníṣègùn tí ó mọṣẹ́ yẹ̀ wò dáadáa, tí wọ́n sì sọ pé ewu wà fún, nǹkan bí ẹnìkan nínú mẹ́rin ni àìsàn náà dé bá láàrin ọdún mẹ́ta. Àwọn mẹ́ta tí ó kù, kò dé bá wọn ní gbogbo àkókò yẹn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ìbànújẹ́ tàbí àníyàn tí ó nílò ìrànlọ́wọ́. Nítorí èyí ni ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọpọlọ Amẹ́ríkà ṣe kọ̀ ní 2013 láti fi ipò ewu yìí sí ara àwọn àìsàn tí wọ́n fọwọ́ sí nínú ìwé wọn. Wọ́n fi í sí abala ohun tí ó ṣì nílò ìwádìí. Nítorí èyí náà ni ìlànà ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 2014 ṣe sọ pé kí wọ́n má fún irú ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ ní òògùn wèrè láti fi dènà àìsàn. Ìtọ́jú tí wọ́n fọwọ́ sí ni ti ọ̀rọ̀ sísọ, níbi tí olùtọ́jú àti ọ̀dọ́ yóò ti jọ yẹ èrò rẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n bí àìsàn bá ti dé gan-an, bí ìtọ́jú bá ṣe pẹ́ tó ni ìwòsàn máa ń le tó. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Ìdáhùn Méjì tí kò Tọ́

Ìdáhùn kan tí a máa ń gbọ́ ni pé kádàrá ni, ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ yóò ṣẹlẹ̀. Ìtàn Sàhábà Umar já èyí ní koro. Nígbà tí ó ń lọ sí ilẹ̀ Ṣáámù tí ó gbọ́ pé àjàkálẹ̀ àrùn ti bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, ó yí padà. Abu Ubaydah bi í léèrè bóyá kádàrá Ọlọ́hun ni ó ń sá fún. Èsì Umar ni pé inú kádàrá Ọlọ́hun kan ni àwọn ń kúrò bọ́ sínú òmíràn. Umar kò mọ̀ dájú pé àrùn náà yóò mú ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ewu ni ó rí, orí ewu ni ó sì gbé ìpinnu rẹ̀ kà. Àbọ̀ rẹ̀ náà kò pa ẹnikẹ́ni lára, kókó yìí sì ni a ó padà fà yọ.

Ìdáhùn kejì ni ti àwọn tí ń kánjú. Kété tí ọmọ bá ti ṣe bákan, wọn a ní wèrè ti dé, wọn a gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń de ènìyàn mọ́lẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019, àwọn ọlọ́pàá tú ènìyàn 259 sílẹ̀ ní Ìbàdàn, ní ibùdó kan tí wọ́n pè ní ti ìtọ́jú àti ẹ̀kọ́ Ìsìláàmù. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà, wọ́n ti tú ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọkùnrin àti ọkùnrin sílẹ̀ ní Kaduna, tí wọ́n de ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Òbí ni ó fi ọwọ́ ara wọn mú púpọ̀ nínú wọn lọ síbẹ̀, nítorí ìwà tí kò yé wọn, tàbí nítorí òògùn olóró. Kì í ṣe ìkórìíra ni ó gbé wọn débẹ̀. Ìfẹ́ tí kò ní ìmọ̀ ni.

Ìlànà tí Òfin Ìsìláàmù Fi Lélẹ̀

Al-Ghazali ka ohun márùn-ún nínú al-Mustaṣfā gẹ́gẹ́ bí ohun tí òfin Ìsìláàmù wà láti dáàbò bò: ẹ̀sìn, ẹ̀mí, làákàyè, ìran àti dúkìá. Bí a bá dé orí làákàyè nínú ẹ̀kọ́ wa, ọtí ni a sábà máa ń sọ̀rọ̀ lé, a ó sì kọjá lọ. Ìdáàbòbò làákàyè fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí dídènà ohun tí ń ba làákàyè jẹ́ bá jẹ́ ọ̀ranyàn, ohun yòówù tí ó lè dáàbò bò ó, tí kò sì mú ìpalára tí ó jù ú lọ wá, wà lábẹ́ ìlànà yẹn.

Àwọn onímọ̀ òfin tún fi òfin gbogboogbò mẹ́ta lélẹ̀ tí ó kan ọ̀rọ̀ wa. Ọ̀kan ni pé ohun tí ó dájú kì í kúrò nítorí iyèméjì. Èkejì ni pé a kò gbọdọ̀ ṣe ìpalára, a kò sì gbọdọ̀ fi ìpalára san ìpalára. Ẹ̀kẹta ni pé dídènà ohun kan lágbára ju kí á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa lé e jáde lọ. Ní ojú àkọ́kọ́, ó dà bíi pé èkíní àti ẹ̀kẹta ń jà. Èkíní ń sọ pé ọmọ yìí jẹ́ ọlọ́pọlọ pípé títí ẹ̀rí yóò fi dé. Ẹ̀kẹta ń sọ pé kí á má dúró de ẹ̀rí.

Ohun tí yóò parí ìjà náà ni pé kí á wo ohun tí a fẹ́ fi iyèméjì ṣe. Nínú ìmọ́ra, ẹni tí ó bá ń bẹ̀rù pé omi yóò dá àìsàn sí òun lára, yálà nípa ìrírí ara rẹ̀ tàbí nípa ọ̀rọ̀ oníṣègùn tí ó mọṣẹ́, lè ṣe tàyámámù. Òfin kò ní kí ó kọ́kọ́ dùbúlẹ̀ àìsàn. Ìbẹ̀rù tí ó ní ìdí tó, nítorí pé ohun tí a fẹ́ ṣe jẹ́ ìrọ̀rùn. Ṣùgbọ́n nínú gbígba àkóso dúkìá kúrò lọ́wọ́ ẹnìkan nítorí wèrè, ìbẹ̀rù kò tó. Ó di dandan kí ẹ̀rí wà pé làákàyè ti lọ, nítorí pé ẹ̀tọ́ ni a fẹ́ gbà. Láti inú méjèèjì a lè fa ìlànà yìí yọ: iyèméjì kò tó láti gba ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ ènìyàn, ṣùgbọ́n ó tó láti ràn án lọ́wọ́. Bí ohun tí a fẹ́ ṣe bá ṣe wúwo lórí ọ̀dọ́ náà tó ni ẹ̀rí wa gbọ́dọ̀ lágbára tó.

Hádíìsì tí Abu Dawud gbà wá, pé a ti gbé kálámù kúrò lórí ẹni mẹ́ta, tí ẹni tí làákàyè rẹ̀ lọ wà lára wọn, tún kọ́ wa ní ohun kan. Kálámù ṣì wà lórí ọmọkùnrin Sibang yìí. Ó ti bàlágà, ó mọ ohun tí ó ń ṣe, ìrun rẹ̀ jẹ́ ìrun, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀rọ̀. Ẹni tí Ọlọ́hun ṣì ń bi léèrè iṣẹ́ rẹ̀, kò yẹ kí àwa ènìyàn máa pinnu lórí rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni a ó kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀, ìyọ̀ǹda rẹ̀ ni a ó sì wá.

Orúkọ, Àṣírí àti Ìgbéyàwó

Àwọn Yorùbá gbà pé orúkọ ń ro ọmọ. Bí a bá pe ọ̀dọ́ ní wèrè ṣáájú wèrè, a ti fi ẹrù kan lé e lórí tí kò ní sọ̀ bọ̀rọ̀. Súrà al-Hujurat, áyà 11 àti 12, kọ̀ fún wa láti máa fi orúkọ burúkú pe ara wa, ó sì kọ àbá dídá, títọpinpin àti ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn. Àwọn kan lè sọ pé títètè kíyè sí àìsàn jẹ́ irú àbá bẹ́ẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àbá tí áyà náà kọ̀ ni èyí tí a dá láti fi bu ọlá ènìyàn kù. Èyí tí a dá láti fi tọ́jú rẹ̀, tí a kò sọ fún ẹni tí kò kàn, kò sí lábẹ́ rẹ̀. Àlà tó wà láàrin méjèèjì tẹ́ẹ́rẹ́, ẹnu ni ó sì ń kó ènìyàn kọjá rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń le jù ni ìgbéyàwó. Ìdílé Yorùbá a máa ṣe ìwádìí kí wọ́n tó fọmọ fún ọkọ, wèrè sì wà lára ohun tí wọ́n ń wádìí. Nínú mádíhàbù Maliki tí a ń tẹ̀lé ní ilẹ̀ wa, wèrè jẹ́ àbùkù tí ó lè mú kí ọkọ tàbí aya tú ìgbéyàwó ká. Ǹjẹ́ ó di dandan kí òbí ọmọ yìí sọ fún àna lọ́la pé wọ́n ti sọ nígbà kan pé ewu wà fún un? Ní èrò tiwa, kò di dandan. Àbùkù tí òfin mọ̀ ni wèrè tí ó wà. Ewu kì í ṣe wèrè, ọ̀pọ̀ tí ewu wà fún ni kò sì rí i. Bí àìsàn bá ti dé rí, tí ó sì ṣeé ṣe kí ó padà, ọ̀rọ̀ yàtọ̀, ìṣòtítọ́ sí ẹnìkejì gba pé kí á sọ ọ́. Lémọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ pamọ́ sí lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tí yóò tú u síta. Ohun kan ṣoṣo tí ó lè ṣí i lẹ́nu ni bí ó bá rí i pé ọ̀dọ́ náà fẹ́ pa ara rẹ̀ tàbí ẹlòmíràn lára, ìgbà náà ni ó sì gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ẹni tí ó lè gbà wọ́n là nìkan.

Ìṣọ́ra mìíràn tún wà. Ọmọ àjò tí ó bá sọ pé àwọn ọlọ́pàá ń ṣọ́ òun lè máa sọ òótọ́, nítorí pé ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú kì í ṣe àlá. Ọ̀dọ́ tí ó sọ pé òun rí ìran lójú oorun nínú Rámádáánì kò sọ ohun tí ẹ̀sìn wa kò mọ̀. Kí á tó pe ohun kan ní àmì, ó yẹ kí á bi ara wa léèrè bóyá ìdí wà fún ìbẹ̀rù náà, àti bóyá àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ náà yóò rí i bí ohun àjèjì. Ìyípadà nínú ìṣe ẹni ni kí á wò, kí á má kàn wo ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

Àlùjànnú, Àdúà àti Ilé Ìwòsàn

Púpọ̀ nínú wa yóò sọ pé àlùjànnú ni. Kò pọn dandan kí á yanjú ìbéèrè yẹn kí á tó ran ọmọ lọ́wọ́. Ẹni tí ó gbà pé àlùjànnú wà gbà pẹ̀lú pé àìsàn wà, Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sì kọ́ wa pé kò sí àìsàn tí Ọlọ́hun sọ̀ kalẹ̀ láìsọ ìwòsàn rẹ̀ kalẹ̀. Kíka Àlùkùrání sí ọmọ lórí, ní ohùn jẹ́jẹ́, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda rẹ̀, kò lè pa á lára. Ohun tí ó ń pani lára ni ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, nínà, fífi agbára mú un gba ààwẹ̀, àti pípàṣẹ àìsùn fún un nítorí wíríìdì òru. Ẹni tí oorun rẹ̀ ti ń sá, tí a tún ní kó máa ṣọ́ òru, a ti fi kún ohun tí ń ṣe é.

Àwọn tó ṣíwájú wa kò ya ẹ̀sìn nípá sí ìtọ́jú. Abu Zayd al-Balkhi, tí ó kú ní ọdún 322 Hijra, kọ ìwé lórí ìlera ara àti ti ọkàn pọ̀. Ó ní bí ènìyàn ti ń fi òògùn pamọ́ sílé de àìsàn, bẹ́ẹ̀ ni kí ó kó èrò tí ó dára jọ nígbà ìrọ̀rùn de ìgbà tí ọkàn bá dàrú. Ìdènà ni èyí. Ilé ìwòsàn tí Sultan Qalawun kọ́ ní Káírò ní 1284 ní àyè tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn tí orí wọn dàrú. Nílé wa, Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo (1923–2004) bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Aró, ní Abẹ́òkúta, ní 1954, níbi tí aláìsàn ti ń gbé pẹ̀lú ẹbí rẹ̀ ní àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, tí ó sì ń lọ gba ìtọ́jú lójoojúmọ́. Ohun tí ètò náà fi hàn ni pé ẹbí jẹ́ ara òògùn. Ní 2020, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àbọ̀ ìwádìí jáde lórí aláìsàn 307 ní Nàìjíríà àti Ghana. Níbi tí àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ àti àwọn aládùúà ti fọwọ́ sowọ́ pọ̀ pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ ìlera, ara àwọn aláìsàn yá ju ti ibi tí olúkúlùkù ti ń ṣe tirẹ̀ lọ. Ìbéèrè bóyá kí á yan mọ́ṣáláṣí tàbí ilé ìwòsàn ti kúrò nílẹ̀.

Ohun tí Lémọ́ọ̀mù Sibang Lè Ṣe

Ẹ jẹ́ kí á padà sórí ọmọkùnrin wa. Lémọ́ọ̀mù yóò bá a sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀, ní èdè tí ó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn, ìbáà ṣe Faransé. Yóò gbọ́ ọ láìjá ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀. Yóò bi í nípa oorun, nípa igbó àti kobolo, nípa ohun tí ojú rẹ̀ ń rí ní ilé-ìwé, àti bóyá ó ti rò ó rí láti pa ara rẹ̀. Kò ní pe orúkọ àìsàn kankan. Yóò sọ fún ìyá pé ọmọ náà nílò ìsinmi, oorun àti ẹni tí yóò máa bá a sọ̀rọ̀, kí wọ́n má sì yọ ọ́ kúrò ní ilé-ìwé. Bí ohùn náà bá ń pọ̀ sí i, tàbí tí iyèméjì ọmọ náà bá di ìdánilójú, tàbí tí ó bá sọ̀rọ̀ ikú, kí wọ́n má fi àkókò ṣòfò, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú ọpọlọ tí ìjọba ní ní Melen, kí lémọ́ọ̀mù sì bá wọn lọ. Àwọn dókítà ibẹ̀ ń sọ Faransé, ọ̀pọ̀ ìyá kò sì gbọ́ ọ délẹ̀, nítorí náà ẹni tí yóò ṣe ògbufọ̀ pẹ̀lú òótọ́ jẹ́ apá kan ìtọ́jú. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ pẹ̀ka gbọ́dọ̀ mọ ẹ̀ka tó yẹ kó gé, kó má lọ gé igi náà lulẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé títètè kíyè sí àìsàn ọpọlọ lára ọ̀dọ́ wà lábẹ́ ìdáàbòbò làákàyè tí òfin Ìsìláàmù pa láṣẹ. A sì ti fi hàn pé àṣẹ náà ní ààlà: ìrànlọ́wọ́ nìkan ni iyèméjì lè gbé ró, kò lè gbé ìdè, òògùn líle, tàbí orúkọ burúkú ró. Ẹni tí ó bá dákẹ́ nítorí ìtìjú ti fi ọmọ sílẹ̀. Ẹni tí ó bá kánjú dè é ti jẹ ẹ́ níyà fún ohun tí ó ṣeé ṣe kó má ṣẹlẹ̀ láéláé. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ wa tí ń kọ́ lémọ́ọ̀mù ọ̀la ní ojúṣe láti fi ẹ̀kọ́ nípa àmì wọ̀nyí kún ẹ̀kọ́ òfin, nítorí pé ẹnu ọ̀nà ààfáà ni ọ̀pọ̀ òbí kọ́kọ́ máa ń kàn, ní Sibang gẹ́gẹ́ bí ní Ìbàdàn. Kí Ọlọ́hun dáàbò bo làákàyè àwọn ọmọ wa, kí Ó sì fi ìmọ̀ kún àánú wa. Ọlọ́hun ni Ó mọ̀ jùlọ.